Orin ọjọ́ ìbí Màmá: báwo ni mo ṣe máa fi "márùndínlọ́gọ́rin" sínú orin?

ỌmọIsanlu

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn dáadáa mọ́.

Màmá mi yóò pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin ní oṣù Kejìlá, ilé yóò sì kún. Àwọn tó wà ní Lokoja ń bọ̀, àwọn ti Abuja àti Èkó ń bọ̀, àbúrò wa tó wà ní Kánádà náà ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. A ti pín iṣẹ́: ẹnìkan ló ni aṣọ, ẹnìkan ló ni oúnjẹ, èmi ni wọ́n gbé orin fún torí èmi ni mò ń darí àwọn akọrin obìnrin nínú ìjọ wa. Mo ti kọ orin ìgbéyàwó rí, mo ti kọ orin ìsìnkú. Orin tí òǹkà wà nínú rẹ̀ ni ọwọ́ mi kò tíì mọ̀.

Ohun mẹ́ta ló dí mi lọ́nà. Àkọ́kọ́, "márùndínlọ́gọ́rin" gùn jù. Bí a bá ti dé ibẹ̀, ńṣe là ń sáré kà á kí a má bàa já lẹ́yìn ìlù, àwọn akọrin kì í sì gbọ́ ara wọn mọ́. Ìkejì, ọmọkùnrin tó ń bá wa tẹ ìwé ètò ní "75" ni kí a kọ gàdàgbà sókè gẹ́gẹ́ bí orúkọ orin. Ara mi kò gbà á.

Ìkẹta ló wà lọ́kàn mi jù. Nínú ẹsẹ kejì, mo kọ ọ́ pé "ọmọ méje ló yí ọ ká". Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Màmá jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú atẹ, mo sì rọra kọ orin náà sí i létí. Bí mo ṣe dé "ọmọ méje", ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò sọ pé kò dára. Ó ṣa hóró ẹ̀gúsí kan tó bọ́ sílẹ̀, ó dá a padà sínú atẹ, ó wá bi mí bóyá mo ti gbé omi kaná. Mẹ́sàn-án ni Màmá bí. Àwa méje la kù. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo jókòó, mo kọ méje sílẹ̀, mo sì lọ kọ ọ́ sí i létí.

Ẹ bá mi dá sí i.

BàbáOnílù_Kabba

Okun o, ọmọ mi. Jẹ́ kí n mú ti ìlù. Àwọn ìyá ni yóò bá ọ sọ ti ìkẹta.

Gígùn kọ́ ló ń dà yín láàmú, ohùn ni. Tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀: má-rùn-dín-lọ́-gọ́-rin. Òkè, ìsàlẹ̀, òkè, òkè, òkè, àárín. Bí gángan yóò ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Wàá wá gbé ohùn orin rẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí o wò ó. Bí orin bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti wà lókè, ẹnu akọrin á máa jà pẹ̀lú etí rẹ̀, ìyẹn ló sì ń mú yín sáré. Jẹ́ kí orin náà gòkè níbi "dín", kí ó rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú fún ìgbésẹ̀ mẹ́ta, kí ó wá rọra sọ̀ níbi "rin". Ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò gùn mọ́.

Mo ti rí ibi tí òǹkà ti ba orin jẹ́, ni mo ṣe ń sọ èyí. Ẹgbẹ́ wa pé ogún ọdún, a kó owó jọ, a lọ gba orin sílẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ohùn wa kò gún, ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ tò ó. Nígbà tí a gbọ́ ọ, "ogún" ti di "ogun". Àwọn àgbà ọkùnrin tó ń dúpẹ́ ogún ọdún wá dà bí ẹni tó ń dúpẹ́ ogun. A ti san owó. A gbé e wálé, a kò sì lè gbé e síta títí di òní. Látìgbà náà, òǹkà yòówù kí n fẹ́ fi sínú orin, gángan ni mo kọ́kọ́ ń gbé e fún. Bí ohùn orin àti ohùn gángan kò bá mu, n óò wá ohùn mìíràn.

Kíyè sí ìwọ̀nyí gidigidi. Àrún tó bá wálẹ̀ di àrùn. Ẹ̀sán tí kò gòkè tó, ẹ̀san ni. Ẹ̀wá lè di ẹ̀wà, igba lè di igbá, ó sì lè di ìgbà. Ẹ̀rin nìkan ló máa ń ṣìnà síbi tó dára, torí ẹ̀rín ni yóò dà.

Tíṣà_Ìjùmú

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí òǹkà ń dúró sí kún un. À ń sọ pé ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá, ọdún méjìlá. Ṣùgbọ́n ogún ọdún là ń wí, ọgbọ̀n ọdún, àádọ́rin ọdún, ọgọ́rin ọdún. Àwọn ìyẹn a máa ṣáájú. Márùndínlọ́gọ́rin ní tirẹ̀, ẹ̀yìn ló ń tọ̀: ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Mo ti gbọ́ orin púpọ̀ tí wọ́n yí èyí po torí kí ìlà lè parí síbi tó wù wọ́n, ó sì máa ń dun etí àgbà.

Bí ìlà rẹ kò bá gba ọ̀rọ̀ gígùn yẹn, tú u sí méjì. O lè sọ pé "ọgọ́rin ọdún dín márùn-ún", o lè sọ pé "àádọ́rin ọdún ó lé márùn-ún". Iye kan náà ni. O lè dé ibẹ̀ láti òkè, o lè dé ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ohun tó sì wù mí jù nínú òǹkà wa nìyẹn. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ máa ń ní ó ṣòro. Mo máa ń sọ fún wọn nípa owó ẹyọ: ogójì lórí okùn kan, àádọ́ta okùn fún ẹgbàá kan, ẹgbàá mẹ́wàá fún ọ̀kẹ́ kan. Àwọn ìyá àgbà tí kò mọ ìwé ń kà á lójú ọjà, wọ́n ń yọ ọ́, wọ́n ń rò ó, kò sì sí bébà lọ́wọ́ wọn.

Ní tèmi o, "ọgọ́rin ọdún dín márùn-ún" ni n óò mú. "Dín" yẹn bọ́ sórí ìlù dáadáa.

MàmáEgbe

Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ má fún un ní "dín".

Bí ó bá wà nínú márùndínlọ́gọ́rin, a kì í gbọ́ ọ, ó ti rì sínú ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ yọ ọ́ síta, kí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé "dín márùn-ún, dín márùn-ún" sí abiyamọ lójú lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, kí lẹ fi ṣe àdúrà? "Ó lé" ni kí ẹ fún un. Kí ọdún máa lé, kí ọjọ́ máa lé. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ọgọ́rin. Bí wọ́n bá kọ "dín" sí mi létí, n óò gbọ́ ọ.

Ọmọ mi, ti ìkẹta wá kàn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìwọ kò mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é, má fi ìyẹn jẹ ara rẹ níyà. Ṣùgbọ́n iye tí ìwọ kà, àwọn tó wà lójú ni. Iye tí ìyá ń kà, òun nìkan ló mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí èmi bá lọ sí ilé ìwòsàn, tí wọ́n bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí n tó dáhùn. Nọ́ọ̀sì á rò pé ọjọ́ ogbó ti mú mi gbàgbé, á tún un bi mí sókè. N kò gbàgbé o. Mò ń wò ó bóyá mo lè pè wọ́n tán ni.

Yọ méje kúrò. Má sì fi mẹ́sàn-án rọ́pò rẹ̀, ìyẹn yóò le ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Àwọn ọmọ rẹ yí ọ ká" ti tó. Ẹni tó wà lójú á jẹ́ ẹ, ẹni tí kò sí, ìyá rẹ ni yóò gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ nínú ara rẹ̀.

Nínú Bíbélì gan-an, nígbà tí Dáfídì ka àwọn ènìyàn, ní 2 Sámúẹ́lì 24, ohun tó tẹ̀lé e kò dára. Àwọn ìyá wa ti ń kìlọ̀ ìkà ọmọ kí Bíbélì tó dé ọ̀dọ̀ wa.

ỌmọOwé

Mo bọ̀wọ̀ fún Màmá o. Ṣùgbọ́n ní ilé tiwa, a máa ń ka ọmọ. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ níwájú èrò pé ọmọ mẹ́fà ni Ọlọ́run fún òun, á sì máa fi ìka kà á. Ìwé ìsìnkú tí à ń tẹ̀ káàkiri náà ń kọ iye ọmọ, iye ọmọ-ọmọ àti iye àtọmọdọ́mọ sínú. N kò rò pé èèwọ̀ ni fún gbogbo ènìyàn.

MàmáEgbe

O ṣeun, ọmọ mi. Bí ọlọ́mọ bá fúnra rẹ̀ kà á, ẹnu rẹ̀ ni. Àwa tí kì í ṣe ọlọ́mọ ni mo ń bá wí. Ìwé ìsìnkú tí o wí, ìyá tàbí bàbá náà ti lọ kí wọ́n tó kà á.

ỌmọIsanlu

Mo ka ti nọ́ọ̀sì yẹn, mo pa fóònù, mo lọ jókòó ti Màmá fún ìgbà díẹ̀. N kò sọ nǹkan kan. Mo ti fa igi lé "ọmọ méje" lórí.

Tíṣà, "ó lé" ni mo mú, ẹ má bínú. Ìbéèrè mìíràn rèé: àwọn ọmọ-ọmọ fẹ́ ní apá tiwọn, wọ́n sì fẹ́ ka òǹkà láti ọ̀kan dé ẹ̀wá bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń ṣe. Ṣé ìyẹn náà yóò di ìkà ọmọ?

Tíṣà_Ìjùmú

Èmi gan-an ti jọ̀wọ́ "dín" sílẹ̀, àbúrò. Màmá là mí lójú. Nígbà tí mo tún rò ó, Sáàmù 90, ẹsẹ 10, ló sọ sí mi lọ́kàn: àádọ́rin ọdún, bí agbára bá sì wà, ọgọ́rin ọdún. Àádọ́rin ni sáàmù náà kọ́kọ́ dárúkọ, ọgọ́rin ló kàn. Bí akọrin bá kígbe pé "àádọ́rin ọdún ó lé", gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti mọ ibi tí ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà wá àti ibi tí ó dorí kọ. O kò ní láti ṣàlàyé kankan fún wọn.

Ti àwọn ọmọ-ọmọ, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Òǹkà nìkan ni wọ́n ń kà, wọn kò ka ènìyàn. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n kà á lásán bí ẹni tó wà ní kíláàsì. Jẹ́ kí òǹkà kọ̀ọ̀kan fa ọ̀rọ̀ tó bá ohùn rẹ̀ tan. Bí àwọn àgbà ṣe ń fi òǹkà ṣeré nìyẹn, wọ́n sì fi ń ránṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹnìkan láyé àtijọ́ lè fi owó ẹyọ mẹ́fà ṣe àrokò sí i: ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ. Bí onítọ̀hún bá gbà, owó ẹyọ mẹ́jọ ni yóò dá padà: ẹ̀jọ, tèmi jọ tìrẹ. Ẹ wo ìfẹ́ tí a kò fi ẹnu sọ, tí a kò fi ìwé kọ, tí iye lásán gbé dé ilé.

Mo gbìyànjú kan fún wọn. Ẹ tún un ṣe bó ṣe yẹ:

Ọ̀kan: ọ̀kan ni Màmá wa.
Èjì: ó jí, ayọ̀ bá a jí.
Ẹ̀ta: ọjà rẹ̀ ń tà.
Ẹ̀rin: ó rìn, kò kọsẹ̀.
Àrún: ó rún orógbó, ó gbó.
Ẹ̀fà: ó fà wá mọ́ra.
Èje: ó jẹ, a bá a jẹ.
Ẹ̀jọ: a jọ péjọ lónìí.
Ẹ̀sán: ọ̀la rẹ̀ á sàn.
Ẹ̀wá: ẹ wá, ẹ bá wa jó!

Bàbá ti kìlọ̀ nípa àrún, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé "rún" tẹ̀lé e kíákíá. Òkè ni ohùn "rún" wà, á fa àrún gòkè, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbọ́ àrùn. Ti ẹ̀sán kò rí bẹ́ẹ̀, torí "sàn" fúnra rẹ̀ ń fa ohùn wálẹ̀. Kí wọ́n pe ẹ̀sán dáadáa kí wọ́n sinmi díẹ̀, kí wọ́n tó wọ inú èyí tó kù.

Ohun kan ṣì kù. Èdè ìwé ni mo fi kọ ọ́. Kí Màmá fúnra rẹ̀ ka ọ̀kan dé ẹ̀wá bí wọ́n ṣe ń kà á ní Yàgbà nígbà tó wà lọ́mọdé, kí ẹ gbà á sórí fóònù, kí àwọn ọmọ sì kọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀. Ọmọ tó ti Kánádà wá gan-an lè kọ́ òǹkà mẹ́wàá ní ọjọ́ méjì.

BàbáOnílù_Kabba

Èyí dára. Kí ọmọ kan máa pe òǹkà, kí gbogbo wọn máa gbè é.

DJ_Lokoja

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Mo máa ń fi orin sí níbi ayẹyẹ, jẹ́ kí n dá sí ti orúkọ orin.

Bí ẹ bá kọ "75" sókè, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ènìyàn yóò fi kà á. Ojú kì í rí àmì òǹkà kí ó pè é ní márùndínlọ́gọ́rin, bí ẹni náà tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Isanlu pọ́ńbélé. Ẹ wo King Sunny Adé, ó gbé "365 Is My Number" jáde ní 1978. Mo ti pe orin yẹn káàkiri ìpínlẹ̀ yìí, n kò tíì gbọ́ ẹnìkan tó pè é ní ọ̀ọ́dúnrún ó lé márùndínláàádọ́rin. Ó yẹ orin yẹn bẹ́ẹ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ rẹ̀. Fela náà, nínú "Shuffering and Shmiling" ti 1978, fi iye kan sọ ìyà inú ọkọ̀ èrò: 49 jókòó, 99 dúró. Kò ní kí ẹ káàánú ẹnikẹ́ni, iye méjì yẹn ló jù sílẹ̀, gbogbo ẹni tó ti wọ ọkọ̀ rí sì mọ ohun tó ń wí. Nígbà tó di 2019, Tiwa Savage mú iye méjèèjì, ó fi wọ́n ṣe orúkọ orin: "49-99". Ohun tí mo ń fà yọ ni pé òǹkà tó bá jẹ́ orúkọ orin gbọ́dọ̀ jẹ́ òǹkà tí ẹnu ń pè nínú orin náà. Bí àwọn akọrin yín bá ń kọ "àádọ́rin ó lé márùn-ún", ẹ fi ìyẹn ṣe orúkọ. 75 lè wà nísàlẹ̀, kékeré, nítorí àwọn tí yóò wá a lórí fóònù.

Àwọn òyìnbó pàápàá ń jà pẹ̀lú gígùn òǹkà. Orin Jámánì kan wà tí Nena kọ ní 1983, "99 Luftballons". Kò sí àwọ̀ kankan nínú orúkọ rẹ̀, bàlúùnù lásán ni, èyí tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Nígbà tí wọ́n gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì, ó di "99 Red Balloons", bàlúùnù wá pupa. Luft-bal-lons jẹ́ ìgbésẹ̀ mẹ́ta, "balloons" jẹ́ méjì péré. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan dí àlàfo, òǹkà dúró síbi tó wà. Nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí àlàfo wà, ẹ má fi ọwọ́ kan òǹkà. Ọ̀rọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀ ni kí ẹ fi kún tàbí kí ẹ yọ.

Ìmọ̀ràn ti ìwé títẹ̀: ẹ ní kí ọmọkùnrin yẹn fi PDF ránṣẹ́ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Mo ti rí ìwé ètò tí àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ ti ṣubú tán, tí àpótí kéékèèké wá gba ipò wọn.

Akọrin_Mopa

Mo fara mọ́ DJ. Mo fẹ́ fi kún un pé kí ẹ má gbé òǹkà yìí lé ohùn orin ìsìn òyìnbó. Àwọn ohùn yẹn kò mọ òkè àti ìsàlẹ̀ èdè wa. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn bíi Kánọ́ọ̀nù J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fela, fi jókòó ṣe orin ìsìn tó ń tẹ̀lé ohùn Yorùbá; wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922.

Ṣùgbọ́n orin òyìnbó kan kọ́ mi ní nǹkan nípa ohun tí Màmá Egbe sọ. Gbogbo wa mọ èyí tó ní kí a ka ìbùkún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Johnson Oatman ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní 1897. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń sọ pé kà á, kà á, kà á. Kò fìgbà kan sọ iye. A ti ń kọ ọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, kò sì sí ẹni tó ń bèèrè pé ó jẹ́ mélòó. Orin lè kà kí ó má rò ó pọ̀. Bí o bá fẹ́ kí ẹsẹ kejì rẹ ṣì ní òǹkà nínú, gba ọ̀nà yẹn.

Ìyá_Ìbejì_Ogidi

Mo ń ka gbogbo èyí, ìbéèrè kan ni mo ní fún ọ, ẹ̀gbọ́n. Kí ni Màmá fúnra wọn máa ń kà? Ohun tí ọwọ́ wọn ń kà ni kí ẹ fi sínú orin.

ỌmọIsanlu

Iṣu.

Iṣu ni Màmá fi tọ́ wa. Bí àwọn oníbàárà bá ti Kabba tàbí Lokoja wá gbé e, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun kà á. Á gbé méjì lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, á máa kùn ún sí ara rẹ̀ lábẹ́ ẹnu. Bí ó bá di ogún, á ju òkúta kan sínú agolo mílíìkì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Gbọ̀n!" Àwa ọmọ tí à ń ṣeré lábẹ́ igi kaṣú á ti mọ̀ pé ogún ti pé. Bí ó bá di òkúta márùn-ún, a ó dìde lọ bá wọn kó o sínú ọkọ̀ torí ọgọ́rùn-ún ti pé. Agolo yẹn ṣì wà. Ó ti dípẹtà. Ó wà lórí fèrèsé ilé ìdáná.

Ọdún mẹ́rìnlá ti kọjá tí Màmá ti fi ọjà sílẹ̀, n kò tilẹ̀ rántí agolo náà kí ẹ tó bi mí.

BàbáOnílù_Kabba

Ọmọ mi, o ti ní orin. Gbé agolo yẹn wá síbi ìlù.

Ẹ fetí sí mi. Òkúta kan, ogún. Òkúta méjì, ogójì. Òkúta mẹ́ta, ọgọ́ta. Ohun tó kù kí ó tó pé iye ọdún Màmá jẹ́ ẹ̀ẹ́dógún. Kí gbogbo ìlù dákẹ́. Kí ẹnìkan ju òkúta sínú agolo: gbọ̀n. Kí ó sinmi. Gbọ̀n. Kí ó sinmi. Gbọ̀n. Kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wá wọlé, márùn-ún lọ́nà mẹ́ta, kò yá, kò falẹ̀. Ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni gángan yóò sọ ọ́: à-á-dọ́-rin, ìsàlẹ̀, òkè, òkè, àárín, ó-lé-má, òkè mẹ́ta, rùn-ún, ìsàlẹ̀, òkè. Kí àwọn akọrin tó la ẹnu, Màmá ti gbọ́ iye ọdún rẹ̀ nínú agolo tirẹ̀.

Ẹ má lo agogo. Ìró agogo mọ́ jù. Agolo tó ti dípẹtà yẹn ni.

DJ_Lokoja

Bàbá, ara mi bù máṣọ. Dave Brubeck, olórin jazz, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe irú èyí ní Amẹ́ríkà ní 1959, "Take Five". Kò sí ẹni tó ń ka márùn-ún nínú rẹ̀, ìlù náà fúnra rẹ̀ ló ń ka márùn-ún márùn-ún láti òkè délẹ̀. N óò gbé maikirofóònù kékeré kan sí ẹnu agolo náà. Mo ń bọ̀ ní Isanlu láìgba owó.

MàmáEgbe

Kí ọmọ-ọmọ tó kéré jù ló ju òkúta. Kí ẹnikẹ́ni má sọ iye tí àwọn ọmọ-ọmọ jẹ́.

ỌmọIsanlu

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí kí n tó sùn.

Mo mú agolo náà wálẹ̀ lálẹ́ yìí, mo nù ún. Màmá wà lórí àga rẹ̀ nínú ilé ìdáná, kò bi mí ní nǹkan kan. Mo ṣa òkúta mẹ́ta láti ẹnu ọ̀nà. Mo ju ọ̀kan sínú rẹ̀. Màmá gbé ojú sókè. Mo ju èkejì. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orúnkún, ọ̀tún àti òsì, bí ẹni tó fẹ́ gbé iṣu. Mo ju ẹ̀kẹta, mo wá fi ìka lu ara tábìlì, márùn-ún, márùn-ún, márùn-ún, mo sì dákẹ́.

Ó ń kà á bọ̀, mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì. Ó wá rẹ́rìn-ín.

"Ó ku márùn-ún kí òkúta kẹrin wọlé," ló wí. "Wá a sílẹ̀ dè mí."

MàmáEgbe

Àmín o! Àmín! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi kà á.

ỌmọIsanlu

Ìgbáradì bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bọ̀. Òkúta kẹrin ti wà nínú àpò mi.